Lẹ́yìn Tí A Gbé Firefox 136 Wọ Ṣọ́ọ̀bù Wa ní Adó-Èkìtì

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa wà ní ojú ọ̀nà Ìwòròkó ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: a ń tẹ ìwé, a ń ṣe ẹ̀dà, a ń bá àwọn ọmọ wo èsì JAMB àti ti WAEC, a ń bá àwọn tí ó fẹ́ lọ sin ilẹ̀ baba wọn forúkọ sílẹ̀ fún NYSC, a sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni a ní. Méjì ń lo Windows 10, mẹ́ta tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ń lo Windows 7. Firefox ni bùráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó wà lórí márààrún, ẹ̀yà 78 tí ó jáde ní ọdún 2020 ni a sì dúró sí fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo ní kí ó máa bi wá léèrè kí ó tó gbé ẹ̀yà tuntun wọlé, kí ó má baà máa jẹ dátà wa. Ó ń béèrè lóòótọ́, àmọ́ ní ojoojúmọ́ ni a ń sọ fún un pé kò tíì yá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni mo rí i pé a kò lè máa sún un síwájú mọ́. Mozilla, àjọ tí ó ń ṣe Firefox, kéde pé ìwé ẹ̀rí gbòǹgbò kan tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí àwọn àfikún bùráúsà náà, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí a ń gbé lé e lórí, yóò kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025. Ìwé ẹ̀rí yìí dà bí òǹtẹ̀ tí ọba fi ń lu ìwé: bí ìwé bá dé ẹnubodè, òǹtẹ̀ ni oníbodè máa kọ́kọ́ wò, bí àkókò òǹtẹ̀ náà bá sì ti kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún lè sọ tí wọn yóò fi jẹ́ kí ó wọlé. Ẹni tí ẹ̀yà tirẹ̀ kò bá tó 128 yóò rí i pé àwọn àfikún rẹ̀ dákẹ́, àwọn fídíò kan tí wọ́n fi ààbò ẹ̀tọ́ dì kò sì ní ṣí fún un. Fún àwọn tí ó ń lo ESR, ìyẹn ẹ̀yà tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́ nítorí àwọn iléeṣẹ́ àti ilé-ìwé, 115.13 ni ó kéré jù tí ó lè bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yà 136 sì ti jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta kan náà. Bí a ṣe pinnu nìyẹn pé kí a tọ́wò ó.

Ìgbéwọlé rẹ̀ kò nira. Bí mo bá ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ gbé tirẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni à bá san, nítorí náà fáìlì méjì péré ni mo gbà sílẹ̀, ọ̀kan fún Windows 10, ọ̀kan fún Windows 7, èyíkéyìí nínú wọn kò sì tó ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì. Mo fi fúláàṣì gbé wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ̀ pé àwọn kọ̀ǹpútà Windows 7 kò lè gba 136 rárá. Ẹ̀yà 115, tí ó jáde ní oṣù Keje ọdún 2023, ni ó kẹ́yìn fún Windows 7 àti Windows 8, Mozilla sì ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i lábẹ́ ESR láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo dúpẹ́ gidigidi fún èyí. Microsoft fúnra rẹ̀ ti fi Windows 7 sílẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lò ó kún àwọn ìlú wa, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀yẹ́, ní ọ́fíìsì ilé-ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiwa. Ẹni tí ó bá rántí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ọpẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn kí ó tó tẹ bọ́tìnì: kò rọrùn láti padà sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí a fi pamọ́, láti orí àwọn ojú-ìwé tí a sàmì sí títí dé páásíwọ́ọ̀dù, ni ẹ̀yà tuntun ń jogún, àmọ́ bí ó bá ti jogún wọn tán, ẹ̀yà àtijọ́ kò ní gbà láti ṣí wọn mọ́ bí ènìyàn bá tún gbé e padà. Nítorí náà mo kọ́kọ́ da àpò tí Firefox ń kó gbogbo rẹ̀ sí kọ sórí fúláàṣì mìíràn, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n máa ń wá ní oṣooṣù. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ó tún ilé yìí kùn nígbà tí mo wà lóko?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ẹ̀yà 89, ní ọdún 2021, ni Firefox ti yí ìrísí rẹ̀ padà: táàbù, ìyẹn àmì tí ó ń fi ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí a ṣí hàn, kò so mọ́ ojú-ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ó dà bí bọ́tìnì tí ó dá dúró lókè, àwọn àwòrán kéékèèké tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nínú àtòjọ àṣẹ sì ti lọ. Ẹni tí ó ń ṣe àpídéètì ní oṣooṣù ti rí i tipẹ́, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ọn. Àwa tí a fo ọdún márùn-ún ni gbogbo àyípadà náà ya lù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníbàárà wa tí ó dàgbà ni ó sì nira fún jù, nítorí pé ibi tí nǹkan wà ni wọ́n mọ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ọ̀tún asin (máòsì) tẹ òkè bùráúsà náà, yóò rí ibi tí ó ti lè dá ọ̀pá àtòjọ àtijọ́ padà, mo sì dá a padà fún bàbá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ohun tí bàbá kan sọ síta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa dà á rò nínú láìsọ.

Ní ti kí ó yára, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Lórí méjì tí ó lo 136, ojú-ìwé ń ṣí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá àwọn pọ́tà tí ó kún fún àwòrán. Lórí mẹ́ta yòókù, tí RAM wọn, ìyẹn àyè ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, kò ju gígábáìtì méjì lọ, n kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀, bí oníbàárà bá sì ṣí táàbù tí ó ju mẹ́jọ lọ, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Kọ̀ǹpútà ni ó ti darúgbó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni inú wọn dùn jù sí ohun tuntun tí ó wà nínú 136, ìyẹn táàbù olóòró. Tẹ́lẹ̀, ìbú ni gbogbo táàbù máa ń tò sí lókè, bí wọ́n bá sì ti pọ̀, orúkọ wọn á gé kúrú títí tí ènìyàn kò fi ní mọ èwo ni èwo. Nísinsìnyí, ènìyàn lè lọ sínú ètò bùráúsà náà kí ó ní kí wọ́n máa tò ní òòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, bí orúkọ ṣe máa ń tò nínú ìwé ìpè kíláàsì. Ọmọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn, tí ó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, máa ń ṣí àpilẹ̀kọ bí ogún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sọ fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun lè ka àkọlé gbogbo wọn láì gbé asin lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ gbòòrò, ó dára púpọ̀. Lórí ojú kékeré, ó ń gba àyè mọ́ ojú-ìwé lọ́wọ́, mo sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí 138 dé ní ìparí oṣù Kẹrin, tí ó mú ọ̀nà láti kó táàbù jọ sí agbo-agbo tí a lè fún lórúkọ àti àwọ̀ wá, ọmọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí.

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé kí ni ó jẹ́ èrè ìsọdọ̀tun yìí fún ṣọ́ọ̀bù wa, PDF ni n óò dárúkọ. Ìdajì iṣẹ́ wa ni fọ́ọ̀mù. Ìyá kan á mú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ọmọ rẹ̀ wá nínú fóònù, a ó fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn yóò fi bírò kún un, a ó tún fi ẹ̀rọ yà á padà sínú kọ̀ǹpútà, kí a tó lè fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Bébà lọ, tádàwà lọ, iná lọ, bí ìyá náà bá sì ṣi ọjọ́ ìbí kọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ẹ̀yà 106, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ni Firefox ti ń jẹ́ kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ sórí PDF tààrà kí ó sì fi ọwọ́ ya ìlà sí i, láti ẹ̀yà 119, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ni ó sì ti ń jẹ́ kí a lẹ àwòrán mọ́ ọn. Èyí túmọ̀ sí pé fún ọdún méjì ó lé ni irinṣẹ́ tí ì bá dín ìnáwó wa kù fi wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí a kò sì mọ̀, nítorí ìwọ̀nba dátà tí mo ń dù. Ó dùn mí nígbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Nísinsìnyí, ìyá náà á jókòó tì mí, á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́, á kà á wò lójú kọ̀ǹpútà kí a tó fi ránṣẹ́, owó tí a ń gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti wálẹ̀ nítorí pé bébà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìbùwọ́lùwé ni kò tíì rọrùn, nítorí pé asin kì í ya ọwọ́ ènìyàn bí bírò ṣe ń yà á. Bákan náà, 115 lè kọ ọ̀rọ̀ sórí PDF, àmọ́ kò lè lẹ àwòrán, nítorí náà fọ́ọ̀mù tí ó bá fẹ́ fọ́tò pélébé di ti àwọn kọ̀ǹpútà méjì tí ó jẹ́ tuntun, ìlà sì máa ń gùn níwájú wọn ní àsìkò ìgbaniwọlé.

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mí lógún jù lọ ni mo fẹ́ sọ yìí, mo sì rọ gbogbo ẹni tí ó ní irú ṣọ́ọ̀bù wa kí ó fara balẹ̀ kà á. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọdọ̀tun, bí mo ṣe ń yẹ ètò inú bùráúsà náà wò láti mọ ohun tí ó yí padà, mo ṣí ojú-ìwé tí ó ń kó páásíwọ́ọ̀dù pamọ́ sí. Mo bá orúkọ oníbàárà tí ó ju igba lọ níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ojú òpó ilé-ìwé wọn, í-meèlì wọn, àti ti báǹkì àwọn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí ó sì mọ ibi tí yóò tẹ̀, lè ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ènìyàn bá wọlé sí pọ́tà kan, Firefox á béèrè bóyá kí òun fi páásíwọ́ọ̀dù náà pamọ́, oníbàárà tí ó ń kánjú tàbí ọmọ iṣẹ́ wa tí ó fẹ́ kí àpótí ìbéèrè náà kúrò lójú á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bi bùráúsà kọ́, ìbéèrè ni ó béèrè, àwa ni a kò sì dáhùn bí ẹni tí ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀yà tuntun mú mi wọ inú ètò náà, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di òní.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ti ilẹ̀kùn, a kò ka orúkọ ẹnikẹ́ni, a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà márààrún. A tún lọ sí apá tí ó jẹ mọ́ àṣírí àti ààbò, a yọ àmì kúrò lára àṣẹ tí ń béèrè bóyá kí ó fi páásíwọ́ọ̀dù pamọ́, a sì sọ fún un pé kí ó má ṣe rántí ohunkóhun nípa ibi tí oníbàárà bá lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹni kan bá dìde tí a sì pa bùráúsà, gbogbo ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ti bá a lọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ará ìlú ń lò rí.

Àmọ́ mo ṣe àṣìṣe kan tí kò yẹ kí ẹlòmíràn ṣe. N kò kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ọdún kẹta wá láti forúkọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí pọ́tà, ó jókòó, ó ń retí kí àyè páásíwọ́ọ̀dù kún fúnra rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Kò kún. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, n kò mọ̀ ọ́n. Láti ọdún kìn-ín-ní ni ó ti ń wọlé fúnra rẹ̀." A ní kí a gba ọ̀nà í-meèlì yí i padà, páásíwọ́ọ̀dù í-meèlì náà sì wà lára ohun tí a pa rẹ́. Nọ́ńbà fóònù tí ó fi ṣí í-meèlì náà ni ó gbà wá sílẹ̀, nọ́ńbà bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀mùò, tí a ní láti pè títí kí ó tó gbé e, kí ó sì ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i fún wa. Ìdajì ọjọ́ lọ sí i. N kò kábàámọ̀ pé mo pa wọ́n rẹ́, àmọ́ mo kábàámọ̀ pé n kò lẹ ìwé mọ́ ara ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan, kí olúkúlùkù lè wá kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà wà lára ògiri báyìí, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé pé kọ̀ǹpútà wa kì í rántí ẹnikẹ́ni, ẹ mú páásíwọ́ọ̀dù yín dání.

Iná ni ó tún fẹ́ da ìpinnu yìí rú. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé Adó mọ bí iná ọba ṣe ń lọ. Nígbà tí Firefox ṣì ń rántí nǹkan, bí iná bá lọ lójijì tí ó sì padà, á béèrè bóyá kí òun dá gbogbo táàbù tí ó ṣí sílẹ̀ padà, oníbàárà á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tí ó dé. Nígbà tí a ti ní kí ó má rántí ohunkóhun, kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ sórí dísìkì, nítorí náà bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ. Arábìnrin kan kún fọ́ọ̀mù NYSC dé ìdajì, iná lọ, ó sì ní láti tún un ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní agbègbè Fájuyì rò pé mo ti lekoko jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí n dá ìrántí náà padà. N kò ní dá a padà. Ìjìyà ẹni tí yóò tún fọ́ọ̀mù kún kò tó ti ẹni tí àjèjì yóò wọ inú í-meèlì rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí iná bá padà, ẹni tí ó máa kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ lè máà jẹ́ ẹni tí ó dìde. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra UPS, ẹ̀rọ tí ó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, fún kọ̀ǹpútà méjì, ẹni tí ó bá ní fọ́ọ̀mù gígùn, ibẹ̀ ni a máa ń ní kí ó jókòó sí.

Pọ́tà kan wà tí kò ṣí mọ́ lẹ́yìn ìsọdọ̀tun, ti iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ pé kò láàbò mọ́ ni ó fi ń bá bùráúsà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yà 78 máa ń kìlọ̀ fún wa, àmọ́ ó fi bọ́tìnì kan sílẹ̀ tí a lè tẹ̀ kí a fi wọlé, àwọn ẹ̀yà tí ó tẹ̀ lé e sì ti yọ bọ́tìnì náà. Àwọn oníbàárà kan bínú sí wa, wọ́n ní bùráúsà wa ti bàjẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn ni kò ní kọ́kọ́rọ́, iléeṣẹ́ náà sì tún pọ́tà wọn ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ìtumọ̀ èdè ni ohun mìíràn tí ẹ̀yà 78 kò ní. Láti ẹ̀yà 118, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ni Firefox ti lè túmọ̀ odindi ojú-ìwé, orí kọ̀ǹpútà ènìyàn gan-an ni ó sì ti ń ṣe é, kì í fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Fáìlì èdè kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn èyí kò tún náni ní dátà kan lọ títí. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Jámánì wá fi ojú-ìwé yunifásítì ọmọ náà hàn wá, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí owó ilé gbígbé yẹ ní sísan. A túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi sì sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Apá tí mo sọ fúnra mi yìí ni ó dùn mí, nítorí pé nígbà tí mo ń kọ èyí, Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí Firefox lè túmọ̀, bẹ́ẹ̀ Google ti fi Yorùbá kún tirẹ̀ láti ọdún 2013. Ìyá yìí ka Bíbélì Yorùbá ní àràárọ̀. Bí ojú-ìwé náà bá wá bá wọn ní èdè wọn, wọn kò ní nílò ẹnu mi.

Síbẹ̀, olùkọ́ Yorùbá kan fi ohun kan hàn mí nínú Firefox tí n kò kíyè sí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ kí a tó ṣe ìsọdọ̀tun. Bí ènìyàn bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú ojú-ìwé, àpótí kan wà nísàlẹ̀ tí a lè fi sọ bóyá kí ó ka àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kún. Bí a kò bá mú un, tí a tẹ "owo" lásán, á mú owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ jáde, bí a bá sì mú un, á wá èyí tí a kọ gan-an. Kọ̀ǹpútà tí kò ní àmì ohùn lórí bọ́tìnì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, nítorí náà ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Yorùbá gígùn yóò mọ rírì rẹ̀.

Àwọn kan bi mí nípa ariwo tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí Mozilla gbé àdéhùn ìlò jáde fún Firefox, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á bí ẹni pé wọ́n ń gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú bùráúsà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Mozilla tún ọ̀rọ̀ náà kọ, wọ́n sì ṣàlàyé pé àwọn kò gba ohun-ìní ẹnikẹ́ni. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo ka àtúnkọ rẹ̀. Èdè tí wọ́n kọ́kọ́ lò gbòòrò ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì dára bí àwọn tí ó ń lò ó ṣe pariwo. Kò dí mi lọ́wọ́ láti máa lo Firefox, nítorí pé láti ọdún 2022 ni ó ti ń ya kúkì (àmì kékeré tí ojúlé ń fi sínú bùráúsà láti dá ènìyàn mọ̀) ojúlé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn sọ fún un, kí ojúlé kan má baà lè tọ oníbàárà wa lẹ́yìn dé òmíràn.

Ẹni tí ó bá ní Windows 10 tàbí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbà á níyànjú pé kí ó gbé ẹ̀yà tuntun láìfi falẹ̀, kí ó kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí bùráúsà náà máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láti ìgbà náà lọ. Ẹni tí ó ṣì wà lórí Windows 7 lè lo 115 ESR nígbà tí mo ń kọ èyí, àmọ́ kí ó mọ̀ pé àtúnṣe ààbò nìkan ni yóò máa rí gbà, àti pé ìyẹn pàápàá yóò dópin. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti fi Windows 10 náà sílẹ̀, nítorí náà àwọn méjì tí mo ń pè ní tuntun kò tuntun mọ́. Nínú àwọn mẹ́ta tí ó dàgbà, mo ti gbé ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní Ajílosùn, kí ó fi RAM kún un kí ó sì gbé Linux sórí rẹ̀ dípò Windows, ètò ọ̀fẹ́ tí Firefox tuntun lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó dá a padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bàbá olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jókòó sí i, mo sì ti dá ọ̀pá àtòjọ padà sí òkè kí wọ́n tó dé.